Oòrùn, Omi àti Iná Tí Kò Ní Èéfín

 

Ọ̀rọ̀ iná ìdáná la fẹ́ sọ lónìí. Gbogbo wa la mọ ìyà tó wà nídìí ààrò. Igi jìnnà sí ilé. Èéfín ń ta ojú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó ń yan gàrí mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé a lè rí iná tí kò ní èéfín láti inú omi? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, omi la fi ń pa iná. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló para pọ̀ di omi: háídrójìn àti ọ́síjìn. Bí wọ́n bá yapa, afẹ́fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Háídrójìn a máa jó bíi gáàsì ìdáná. Bí ó bá sì jó, omi náà ló tún ń dà. Kò ní èéfín, kò ní eérú.

Báwo la ṣe lè yà wọ́n? Iṣẹ́ wà níbẹ̀, nítorí wọ́n di ara wọn mú gírígírí. Ó gba agbára. Oòrùn ní agbára, ṣùgbọ́n òun nìkan ò lè ṣe é. Omi tí a bá gbé sóòrùn á kàn gbóná ni, á sì gbẹ. Oòrùn ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́.

Ní ọdún 1972, ọ̀mọ̀wé méjì ará Japan, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, kọ̀wé pé àwọn ti rí olùrànlọ́wọ́ kan. Titanium dioxide ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ló ń mú kí ọ̀dà ara ògiri funfun. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ irin kan nínú omi. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kàn án, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yapa.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn lọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúnná, wọ́n tẹ́ ẹ sínú omi. Oòrùn ń kàn án, omi ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀. Ìyẹ̀fun náà dà bí àgbàlagbà tó la ìjà: ó ya oníjà méjì, òun fúnra rẹ̀ kò sì dín kù.

Ní ọdún 2021, Kazunari Domen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ròyìn èyí tó tóbi. Fífẹ̀ rẹ̀ tó ilẹ̀ mítà 10 ní gígùn, mítà 10 ní ìbú. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n bí a bá pín agbára oòrùn tó kàn án sí ọ̀nà 100, ohun tó di háídrójìn kò tó ọ̀nà 1. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì dé ọjà wa.

Ǹjẹ́ iná háídrójìn lè ṣe iṣẹ́ ìlú? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1987, wọ́n ń gbẹ́ kànga ní Bourakébougou ní orílẹ̀-èdè Mali. Kàkà kí omi jáde, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ọkùnrin kan tó ń mu sìgá yọjú wò ó, iná sì sọ. Wọ́n dí kànga náà pa. Ní ọdún 2012, wọ́n fi afẹ́fẹ́ yẹn tan iná mànàmáná fún abúlé náà. Háídrójìn ni. Ilẹ̀ ló ti wá o, kì í ṣe oòrùn ló yà á, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ rí i pé ó lè tan ìmọ́lẹ̀, ó sì lè jóni.

Nítorí náà, ẹ má dán an wò nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá ta ẹ̀rọ fún yín, tó ní omi lásán ni yóò máa mu, ẹ bi í pé: "Kí ló ń ya omi náà?" Omi kì í ṣe epo. Agbára tó yà á ni iná ń dá padà fún wa. Bí kò bá lè fi ibi tí agbára náà ti ń wá hàn yín, ẹ di owó yín mú.

Ní báyìí ná, ẹ jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa kí ẹ tó dáná, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọ ilé ìdáná. Ọmọ tó bá ń béèrè ìdí nǹkan, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ fi sílé ìwé. Oòrùn kò wọ́n wa níhìn-ín. Ẹni tí yóò kọ́ bí a ti ń lò ó la ń wá.