Ìbòmú Wo Ló Lè Gba Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ Lọ́wọ́ Eruku Pákó?

Ìbéèrè kan wọlé sórí WhatsApp wa, òun la sì máa fi ètò tòní dáhùn. Bọ̀dá kan tó ń kan àpótí ìjókòó àti ṣẹ́ẹ̀fù ìwé ní bákónì ilé tó rẹ́ǹtì ní Ìbàdàn ló béèrè pé: ṣé ìbòmú búlúù tí a lò nígbà Kòrónà tó fún eruku pákó, àbí kí òun ra N95 tí owó rẹ̀ wọ́n? Wọ́n ní tí àwọn bá ti ha pákó tán, àwọn máa ń sín títí di ọjọ́ kejì, ìyàwó àwọn sì ti ń ráhùn nítorí ọmọ.

Bọ̀dá mi, ìbòmú búlúù yẹn kò tó. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nínú dígí tí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ ó rí i pé àyè wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í fi ibi tó ṣí sílẹ̀ lọ gba ibi tó dí. Bí ẹ ṣe ń mí sínú, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń gbà wọlé, eruku sì ń tẹ̀lé e. Áńkáṣíìfù tí àwọn káfíńtà wa máa ń so mọ́ imú, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Eruku tí ẹ ń rí kọ́ ló le jù. Èyí tí ayùn ń tú sílẹ̀ wúwo, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Èyí tí sáńpépà ń tú jáde ni kí ẹ sá fún, pàápàá tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni ẹ fi ń ha á. Irun orí kan nípọn tó bíi 70 máíkírọ́ọ̀nù. Eruku tó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kò tó 10, ojú kò lè rí i lásán. Ó sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ̀rọ. Ṣé ẹ fẹ́ rí i? Tí ẹ bá ṣiṣẹ́ tán lálẹ́, ẹ pa gbogbo iná, bí àwọn NEPA kò bá tíì bá yín pa á, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ sì wo ìmọ́lẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ń yẹ iléeṣẹ́ wò ní Britain ń lo ọgbọ́n yìí gan-an, iná tiwọn kàn mọ́lẹ̀ ju ti fóònù lọ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní bàbá òun ṣe káfíńtà fún ogójì ọdún, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1995 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka eruku pákó mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ti ihò imú ní pàtàkì. Jẹjẹrẹ yẹn kò wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì máa ń gbà kó tó yọjú, torí náà mi ò ní fi dẹ́rù bà yín. Èyí tó sún mọ́ yín jù ni ásímà. Arère tí gbogbo wa fẹ́ràn torí pé ó fúyẹ́, tó sì rọrùn láti gé, wà lára àwọn igi tí a mọ̀ pé eruku wọn ń fa ásímà fún àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́. Eruku ìrókò máa ń mú ara yún àwọn kan. Ti MDF kúnná gan-an, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pò ó sì wà nínú eruku náà. Sínsín tó ń di ọjọ́ kejì yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Tí àyà bá ti ń fún yín, tàbí tí èémí yín ń dún fíì-fíì lóru, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé pákó ni ẹ ń ha, torí ó lè má béèrè.

Ó yá, èwo ni kí ẹ rà? N95 ń dá ó kéré tán 95 dúró nínú 100 èérún eruku tí wọ́n fi dán an wò. FFP2 tí àwọn ará Yúróòpù ń ṣe ń dá 94 dúró, FFP3 ń dá 99. HSE, iléeṣẹ́ ìjọba Britain tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ìpele FFP3 ló ní kí àwọn káfíńtà lò fún eruku pákó. Tí ẹ bá rí i rà, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n FFP3 tí kò lẹ̀ mọ́ ojú kò dára tó N95 tó lẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà ara páálí, inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ojú yín kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. N95 tí NIOSH ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí máa ń ní okùn méjì tó ń gba ẹ̀yìn orí. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ N95 sí, tó jẹ́ etí ló ń há mọ́, ẹ fura. Ẹ wá àkọlé NIOSH àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TC lára rẹ̀. Ti FFP, ẹ wá EN 149. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ tẹ irin orí imú mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìka ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá mí sínú. Ó yẹ kó fà mọ́ ojú. Tí atẹ́gùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tàbí tí ẹ bá mí jáde tí dígí ojú yín ń ṣú, kò tíì jókòó.

Ẹ̀yin onírùngbọ̀n, ẹ má bínú: irùngbọ̀n tó bá wà lábẹ́ etí ìbòmú ti ya ọ̀nà fún eruku. Ẹ fá a, tàbí kí ẹ gé e kó má dé ibi tí ìbòmú ń gbà.

Èyí tó ní fáàfù níwájú dára fún ooru wa. Nígbà Kòrónà ni wọ́n kọ̀ ọ́, torí kì í sẹ́ èémí tí ẹ bá mí jáde. Èémí tí ẹ ń mí sínú ni tiwa.

Ní ti owó, kò di dandan kí ẹ jù ú nù lójoojúmọ́ bíi ti ilé ìwòsàn. Ẹ gbọn eruku ara rẹ̀ níta, ẹ fi sínú àpò pépà. Ìgbà tí mímí bá le, tí okùn bá dẹ̀, tàbí tí òógùn bá rin ín gbingbin, ó tó pààrọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo rò pé ìbòmú rọ́bà tí wọ́n ń pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ ló máa dín owó rẹ̀ kù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa.

Ìyàwó yín wá ńkọ́? Òótọ́ ni wọ́n ń sọ o. Ìbòmú yín kò bo imú ọmọ. Tó bá jẹ́ bákónì ni, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó wọ yàrá pa, ẹ jẹ́ kí fáànù dúró lẹ́yìn yín kó máa fẹ́ eruku síta, kó má fẹ́ ẹ sí fèrèsé aládùúgbò. Ẹ má gbálẹ̀ gbígbẹ; aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, pẹ̀lú ìbòmú lójú. Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kí ẹ tó gbé ọmọ. Bó bá jẹ́ yàrá tí ọmọ ń sùn nìkan ló wà, ẹ gbé pákó yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan, kí ẹ sanwó kí wọ́n bá yín ha á.

Ó ku fáníìṣì. N95 kò dá òórùn rẹ̀ dúró rárá. Asẹ́ tó ní èédú nínú ló ń ṣe ìyẹn, òun náà kò sì dá eruku dúró àfi tí wọ́n bá fi asẹ́ eruku kún un. A ó tú ìyẹn palẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bọ̀dá, ẹ fi fọ́tò ìbòmú tí ẹ bá rà ránṣẹ́, kí n bá yín wo àkọlé ara rẹ̀.