Kí Ẹ Tó Yan Ilé Ẹ̀kọ́ Lókè Òkun
Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi ẹwà ọgbà nìkan yan ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n ń kọ́ èdè lọ́sẹ̀; ẹ ní kí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan hàn yín. Faransé wà nínú GCSE, ìdánwò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ibẹ̀ ń ṣe. Yorùbá, tó wà nínú ìdánwò WAEC wa ní Nàìjíríà, kò sí nínú GCSE. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tìtorí ẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ sọ Yorùbá sọ́mọ nílé.