Adágún Ẹ̀jẹ̀ Lórí Ètè: Ẹ Má Ṣe Fi Abẹ Kàn Án

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín lónìí jẹ mọ́ ohun kékeré kan tí ó máa ń yọ sí ètè àwọn àgbàlagbà. Ohun náà kì í sábà tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kò sì lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ àìmọ̀ mú un, ó lè di ohun tí yóò pa ni lára. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Bí ohun náà ti rí nìyí. Àmì rírọ̀ kan ni, tí ó yọ sókè díẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí aró tàbí kí ó jọ elésè-àlùkò. Fífẹ̀ rẹ̀ a máa tó mìlímítà 2 sí 10. Ètè ìsàlẹ̀ ni a ti máa ń rí i jù, ṣùgbọ́n ó lè yọ sí etí tàbí sí ojú pẹ̀lú. Àwọn tí ó ti lé ní ẹni 50 ọdún ni ó máa ń bá jù. Kì í dun ni, kì í sì yún ni. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyí padà. Nítorí pé ètè ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa dúdú, ẹlòmíràn kì í tètè rí i, àfi ìgbà tí eyín bá ṣèèṣì gé e jẹ, tí ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ní ọdún 1956 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ William Bean, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Walsh, kọ ìwé nípa àmì yìí, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é títí di òní. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè wa ni adágún ẹ̀jẹ̀. Orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni ó rọra dúró sí ojú kan níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi ti í dúró nínú adágún.

Kí ni ó ń fà á? Ẹ wo tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbó. Bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ibi tí ó bá ti fẹ́lẹ́ ni yóò ti wú síta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwọn iṣan tín-ín-rín tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, tí oòrùn sì ti ń pa ètè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara tí ó yí iṣan náà ká a máa rọ̀, agbára rẹ̀ a máa dínkù. Iṣan a sì fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì kún inú rẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ ni ó yọ síta jù sí oòrùn, nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé òun ni ó ń jìyà jù.

Ẹ gbọ́ ohun tí kì í ṣe. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn. Ọmọ lè fi ife kan náà mu omi pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbà láìsí ewu kankan láti ara àmì náà. Kì í ṣe àrùn jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àwọn ènìyàn méjì. Èkíní jẹ́ ìyá àgbà tí ń ta ẹ̀kọ, tí adágún ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyá sì ń fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀ lọ́jà, títí ó fi pinnu láti jẹ́ kí oníkọlà kan bá òun gé e kúrò. Èkejì jẹ́ àgbẹ̀ tí egbò wà ní ètè tirẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí egbò náà kò jiná, ṣùgbọ́n nítorí pé kò dùn ún, kò kà á sí. Ẹni tí kò ní ewu ń sáré wá ewu, ẹni tí ó ní ewu sì jókòó sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ìyá fi ọkàn balẹ̀, kí àgbẹ̀ sì tètè dìde.

Báwo ni a ṣe lè fi ìyàtọ̀ sí wọn? Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín. Ẹ mú ife gíláàsì tí ó mọ́, tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ kedere, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ àmì náà jẹ́jẹ́. Bí ó bá jẹ́ adágún ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ yóò sá kúrò níbẹ̀, àmì náà yóò pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣí. Bí ẹ bá gbé ife kúrò, ẹ̀jẹ̀ yóò tún rọra kún un padà. Àyẹ̀wò yìí dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ a máa dì nínú adágún náà, tí yóò fi le, tí kò sì ní í ṣí bí a bá tẹ̀ ẹ́. Dókítà ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ó bá ṣe iyè méjì, yóò gé díẹ̀ nínú rẹ̀, a ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó.

Ẹ má ṣe jáfara bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí: egbò ètè tí kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, kókó tí ó le, tí ó sì ń yára dàgbà, àmì dúdú tí etí rẹ̀ kò dọ́gba, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí rárá bí a ti tẹ̀ ẹ́, wíwú tí ń lù kìkì bí ọkàn, àmì tí ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ohun kan kàn án, kókó tí ó wú sí ọrùn, tàbí ọ̀pọ̀ àmì elésè-àlùkò tí ń yọ káàkiri ara. Bí àmì pupa kéékèèké bá pọ̀ ní ètè àti ahọ́n ẹnìkan, tí imú rẹ̀ sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, ó yẹ kí dókítà mọ̀, nítorí pé irú rẹ̀ a máa wà nínú ìdílé. Àwọn ará wa tí í ṣe àfín ni kí ó tètè lọ jù, nítorí pé awọ ara wọn kò ní ààbò púpọ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Wàyí o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi abẹ, abẹ́rẹ́ tàbí ìgbẹ́mú kan adágún ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe fi òwú dì í, ẹ má sì ṣe fi omi bátìrì tàbí oògùn tí ń jó ara sí i. Ẹ̀jẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀, yóò sì tú jáde. Abẹ tí a fi gé ẹlòmíràn lè kó àrùn éèdì, àrùn inú ẹ̀dọ̀, tàbí àrùn tí ń di ènìyàn ní àgbọ̀n wọ inú ara. Àpá tí oògùn jíjó bá sì fi sílẹ̀ lè fa ètè wọ́, tí kò ní í lè pàdé dáadáa mọ́.

Bí ó bá ṣèèṣì ya, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Kí ẹni náà jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó sì máa tu ẹ̀jẹ̀ dànù dípò kí ó gbé e mì. Kí ó fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú 10, láìṣí i wò. Bí kò bá dá lẹ́yìn èyí, kí ó máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, èkíní ni pé kí a fi í sílẹ̀. Bí dókítà bá ti wò ó, tí ó sì sọ pé adágún ẹ̀jẹ̀ ni, kò di dandan kí a ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ń gé e jẹ nígbà gbogbo, tàbí bí ojú bá ń ti ẹni tí ó ní i, ọ̀nà wà. A lè fi ìtànṣán líle tí wọ́n ń pè ní lésà dì í pa; a lè fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn tí yóò mú kí iṣan náà lẹ̀ pọ̀; a lè fi náítrójìn olómi, tí ó tutù ju yìnyín lọ púpọ̀, mú un kú; a sì lè gé e kúrò, lẹ́yìn tí a bá ti fún ètè ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora. Lẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn, ètè lè wú fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè ní èépá kí ó tó jiná. Ẹ rántí pé òtútù líle a máa mú àwọ̀ ara dúdú ṣí, tí ojú ibẹ̀ yóò fi funfun. Nítorí náà ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó gbà. Nígbà mìíràn àmì náà a máa padà wá.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò fi ìwé rán yín lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ó wà ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹ̀rọ lésà wà. Nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó ná owó ọkọ̀.

Ní ìparí, ẹ má ṣe fi akẹtẹ̀ sílẹ̀ nílé bí ẹ bá ń lọ sí oko. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ ń dáàbò bo ètè lọ́wọ́ oòrùn kan náà tí ń fa adágún ẹ̀jẹ̀, tí ó sì lè fa jẹjẹrẹ ètè. Kí ẹni tí ó mọ̀wé ka ọ̀rọ̀ yìí sí etí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì rí ìyá àgbà tí ń fi ìborùn bo ẹnu lọ́jà, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ sì bá a dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.