Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́ àti Òkè



Ẹ̀gbọ́n mi kan, ẹni ọgọ́ta ọdún, ní kẹ̀kẹ́ ìje àtijọ́ kan. Ó fẹ́ tà á nítorí òkè tó wà lọ́nà ilé rẹ̀. Ó ní orúnkún òun kò gbà á mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a ka eyín rẹ̀ ná."

Irin roboto tó wà níbi pẹ́dàlì ní eyín. Fíríwíìlì tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní eyín pẹ̀lú. Ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Eyín iwájú tó kéré jù jẹ́ 42. Ti ẹ̀yìn tó pọ̀ jù jẹ́ 24. Ẹ fi 24 pín 42, ẹ ó rí 1.75. Bí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ yóò rìn tó mítà 3.7. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, èrè ni; lórí òkè, ìyà ni.

A wá fi fíríwíìlì eléyín 28 rọ́pò rẹ̀. 42 tí a fi 28 pín jẹ́ 1.5. Ẹrù ẹsẹ̀ dín ní ìdá kan nínú méje. Lóòótọ́, ìrìn yóò lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n a óò gun òkè dé orí.

Ẹ ṣọ́ra o! Àkọ́kọ́, irin tó ń ti ṣéènì láti eyín kan sí èkejì ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ bi alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó rà. Èkejì, ẹ fi ọwọ́ gbé ṣéènì sórí eyín tó tóbi jù níwájú àti lẹ́yìn. Bí kò bá gùn tó, ẹ ra èyí tó gùn. Ṣéènì kúkúrú lè fa irin náà ya lójú ọ̀nà, kí ó sì gbé ènìyàn ṣubú.

Ẹ má sì sọ pé gíà jẹ́ ti ọ̀lẹ. Ní 1902, Henri Desgrange ará Faransé kọ ọ́ pé ti àwọn tó ti lé ní ọdún 45 ni. Òun náà ló darí ìdíje Tour de France láti 1903. Ṣùgbọ́n ní 1937, ìdíje náà gba gíà tó ń ti ṣéènì láyè fún àwọn akọni rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò ta kẹ̀kẹ́ mọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ó dàbọ̀ o.