Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Láàárọ̀

 

Ẹ wo ọkùnrin tó jókòó níwájú ẹni tó ń ta ọtí sódábì ní kùtùkùtù yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ife kékeré ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé e mì. Kò pẹ́, ọwọ́ dákẹ́.

Ṣé ìwà ọ̀bàyéjẹ́ ni? Àwọn oníṣègùn ti wádìí rẹ̀ tipẹ́. Ojoojúmọ́ ni ọtí ń fa ọpọlọ sẹ́yìn, ọpọlọ náà sì ti kọ́ láti máa sáré. Bí ọtí bá dúró lójijì, eré náà kò dúró. Ìyẹn ló ń gbọn ọwọ́. Nígbà míì, gìrì lè mú onítọ̀hún. Ó tiẹ̀ lè pa á.

Ìyá rẹ̀, ṣé ẹ ti tì í mọ́lé kó má bàa mu mọ́? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oògùn wà tó ń mú ara rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ní 1954, Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ní kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, kí ẹbí wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Lónìí, ilé ìwòsàn Arò ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún.

Bí ọkùnrin wa bá tún padà mu ọtí ńkọ́? Ó ṣeé ṣe. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ga, ṣé a máa ń lé e nílé? Ẹ tún mú un padà lọ sílé ìwòsàn.