Irinṣẹ́ Tó Kúnu



Bíìtì dírílì tí ẹ fẹ́ rà lónìí, kí lẹ fẹ́ fi lu? Ti kọ̀ǹkéré ń fọ́ nǹkan ni, kì í gé e. Ti igi ní ṣónṣó láàárín orí, kó má baà yẹ̀. Ẹni tó bá fi ti kọ̀ǹkéré lu ilẹ̀kùn, èéfín ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ayùn roboto tí a fi ń gé ihò kọ́kọ́rọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kò fẹ́ eré rárá. Ẹ jẹ́ kó máa yí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fà á jáde kí lẹ́búlẹ́bú igi lè dà nù. Tí ṣónṣó bíìtì tó wà láàárín ayùn náà bá ti yọ lódìkejì, ẹ dúró, kí ẹ gé ìyókù láti ibẹ̀. Ojú ilẹ̀kùn ò ní ya. Ẹ fi kíláǹpù de pákó náà. Orúnkún kì í ṣe kíláǹpù! Ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́: ohun tó ń yí lè wé e, kó fa ọwọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ rò pé irinṣẹ́ tó mú ló ń ṣeni léṣe. Èmi ò gbà. Èyí tó kúnu la máa ń fi agbára tì, ibẹ̀ ló sì ti ń yẹ̀ sọ́wọ́. Ẹ pọ́n ọn, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lásìkò òjò. Òòlù ńkọ́? Ẹ mi orí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.