Aláìsàn Inú Ilé: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Dókítà Dé?

Ẹ̀yin ará Òkè-Àkò, nọ́ọ̀sì lè máa wá sílé fa omi sí Bàbá lára, kó wọn ìfúnpá wọn. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ bí ẹnu Bàbá bá ṣàdédé wọ́, tí ọwọ́ kan ò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, ó sì ti di ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹ má fi àgbo tàbí oògùn kankan sí wọn lẹ́nu. Ó lè há wọn lọ́fun. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọpọlọ ni, àbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́? Àwòrán ọpọlọ nìkan ló lè sọ. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 4 àbọ̀ lẹ́yìn tí àìsàn náà bá bẹ̀rẹ̀. Ìdó-Èkìtì, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà, jìnnà sí wa. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ṣẹlẹ̀ lóru, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà àti ti awakọ̀ sára ògiri lónìí.